Ìtọ̀ ń dà, ara ń gbẹ: nígbà tí kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ bá ga dé ojú ewu

Dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló kọ̀wé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa láàárọ̀ yìí. Wọ́n gbé ìyá kan wá lóru àná, ẹni ọdún 62, tí jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ti wọ egungun. Oorun ló ń sùn ṣáá. Tó bá sì jí, ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò bára mu. Ó ń bì, kò sì yàgbẹ́ láti ọjọ́ mẹ́fà. Èsì láàbù dé: kálísíọ̀mù 3.8 mmol/L. Ọ̀gá mi ní kí n gún un ní furosemide, oògùn tó ń mú ìtọ̀ pọ̀, kíákíá, pé ìtọ̀ ni yóò kó kálísíọ̀mù náà jáde. Nọ́ọ̀sì àgbà fajú ro, ó ní omi ni ìyá yìí ń fẹ́. Ẹnìkejì mi ní ká tún àyẹ̀wò náà ṣe ká tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Báwo la sì ṣe ń mọ nǹkan yìí kó tó burú tó báyìí?

* * *

Àbúrò mi, nọ́ọ̀sì àgbà yẹn ló jàre. Kí o tó ka ọ̀rọ̀ mi tán, lọ so omi iyọ̀ 0.9% mọ́ ìyá náà lápá. Dá furosemide padà síbi tí o ti mú un ná. Kálísíọ̀mù 3.8 kò fàyè sílẹ̀ fún àríyànjiyàn gígùn.

Ẹni tó ní kí ẹ tún àyẹ̀wò ṣe kò ṣìnà pátápátá. Okùn tí a fi ń di apá lè mú kí iye náà ga díẹ̀ tó bá pẹ́ lápá. Láàbù náà lè ṣì í kà. Ṣùgbọ́n aláìsàn tó ń sùn ṣáá, tó ń bì, tí inú rẹ̀ dì fún ọjọ́ mẹ́fà, ara rẹ̀ ti jẹ́rìí sí èsì yẹn. Nígbà tí o bá ń ki abẹ́rẹ́ tí omi máa gbà, fa ẹ̀jẹ̀ tuntun kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kí o sì jẹ́ kí omi máa lọ. Má dúró de láàbù. Nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà ni kí o ti béèrè albumin, creatinine (èyí tó ń ga tí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa), sodium, potassium, magnesium, phosphate, àti họ́mọ́nù páràtáírọ́ọ̀dì tí à ń pè ní PTH. Ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń ya ìlù ọkàn sórí bébà, fún un pẹ̀lú, torí kálísíọ̀mù tó ga máa ń mú àlàfo QT tó wà nínú àwòrán náà kúrú, ó sì lè da ìlù ọkàn rú. Bí aláìsàn bá ń lo digoxin, oògùn ọkàn kan, ìyẹn ni kí o tètè kígbe fún ìrànlọ́wọ́.

Ní ti iye: ara tó dá máa ń wà láàárín 2.2 sí 2.6 mmol/L, láàbù kan sí èkejì lè yàtọ̀ díẹ̀. Tó bá kọjá ibẹ̀ tí kò tó 3.0, àyè ìrònú ṣì wà. Láti 3.0 dé 3.5, ẹ má sùn lé e. Tó bá ti kọjá 3.5, pàjáwìrì ni, ì báà jẹ́ pé aláìsàn ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí láàbù yín ń lo mg/dL, ẹ fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀: 3.5 yẹn á jẹ́ 14.

Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó wà ní 3.1 fún ọdún pípẹ́ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé wá bá mi. Mo sì ti rí ẹni tí tirẹ̀ fò dé 3.1 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Bó ṣe yára gòkè tó ṣe pàtàkì bíi ibi tó gòkè dé.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun máa ń fojú fò. Apá kan tó sún mọ́ ìdajì kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ló so mọ́ pùrótéènì, albumin sì ni olórí wọn. Albumin àwọn tí jẹjẹrẹ ti jẹ lára sábà máa ń lọ sílẹ̀. Ká ní láàbù kọ 2.7 fún ọ, tí albumin jẹ́ 22 g/L. O lè rò pé ohun kékeré ni. Fún gbogbo ẹyọ 1 tí albumin fi dín sí 40, fi 0.02 kún kálísíọ̀mù. Ó dín ní 18, ìyẹn 0.36. Ohun tó wà níwájú rẹ ti kọjá 3.0 nìyẹn, tí bébà láàbù sì ń sọ 2.7. Bí ẹ̀rọ yín bá lè ka kálísíọ̀mù tí kò so mọ́ nǹkan kan, ẹ gba ti ẹ̀rọ ju ìṣirò yìí lọ.

* * *

Ẹnìkan ta kò mí lábẹ́ ìdáhùn yẹn. Ó ní ó ti lé ní ọdún 15 tí òun ti ń lo furosemide fún irú èyí, aláìsàn òun kò sì kú sí i. Ó tún bi mí pé: "Ẹni tó ń tọ̀ bí omi ẹ̀rọ, tí ẹ wo àpò ìtọ̀ rẹ̀ tó kún dẹ́nu, báwo lẹ ṣe ní omi ló ń fẹ́? Ṣé kì í ṣe pé omi ti pọ̀ jù lára rẹ̀ ni?"

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, torí ibi tí gbogbo wa ti ń ṣìnà nìyẹn. Ìtọ̀ yẹn gan-an ló ń tàn wá jẹ.

Ọpọlọ máa ń rán họ́mọ́nù kan sí kíndìnrín pé kó fa omi padà, kó má jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bá ìtọ̀ lọ. Nígbà tí kálísíọ̀mù bá pọ̀ jù, kíndìnrín kì í gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i mọ́. Omi á máa ṣàn lọ. Òùngbẹ á máa gbẹ aláìsàn, á máa mu omi láti fi dí i. Tó bá yá, èébì á dé, tàbí oorun, kò ní lè mumi mọ́, ìtọ̀ kò sì ní tìtorí ìyẹn dúró. Bí ara ṣe ń gbẹ, kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í há iyọ̀ mọ́wọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa fà. Kálísíọ̀mù sì máa ń bá iyọ̀ rìn: bó ṣe ń fa iyọ̀ padà ló ń fa kálísíọ̀mù padà. Èyí tó yẹ kó jáde á padà wọlé, kálísíọ̀mù á ga sí i, ìtọ̀ á tún pọ̀ sí i, ara á tún gbẹ sí i. Ọ̀nà tí ẹnìkan fi ń gbẹ kú pẹ̀lú àpò ìtọ̀ tó kún nìyẹn.

Omi iyọ̀ ló ń já okùn náà. Tí ara bá ti rí omi àti iyọ̀ tó, kíndìnrín á tú ọwọ́, iyọ̀ á jáde, kálísíọ̀mù á sì bá a jáde. Tí ẹ bá wá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní furosemide kí omi tó wọlé, omi tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ lẹ ń lé jáde. Ẹ lè rí i kí kálísíọ̀mù má lọ sílẹ̀, kí creatinine sì gòkè.

Mi ò ní ẹni tó kọ́ yín parọ́. Àwọn tó gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní 1970 ń fún aláìsàn ní 80 sí 100 mílígíráàmù ní wákàtí kan sí méjì síra, wọ́n ń wọn gbogbo ohun tó bá ìtọ̀ jáde, wọ́n sì ń dá a padà sára rẹ̀ bó ṣe ń jáde. Ta ló ń ṣe ìyẹn ní wọ́ọ̀dù wa? Abẹ́rẹ́ nìkan la jogún nínú iṣẹ́ wọn, a fi ìwọ̀n àti ìdápadà sílẹ̀. Ní 2008, àwọn oníṣègùn kan kó ìwádìí àtijọ́ wọ̀nyẹn jọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò sì rí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin tó yẹ ká fi máa lò ó fún gbogbo ènìyàn. Ìgbà tí mo ń lò ó báyìí ni nígbà tí omi bá ti pọ̀ jù lóòótọ́: ẹsẹ̀ wú, ẹ̀dọ̀fóró ń dún, mímí ń le. Ti omi ni mo fi ń lò ó nígbà náà. Mi ò lò ó fún kálísíọ̀mù.

Ní ti pé aláìsàn yín kò kú, mo gbà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ padà wo fáìlì wọn, kí ẹ wo creatinine ọjọ́ kìíní àti ti ọjọ́ kẹta.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣì ń dùn mí.

Ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Baba kan wà lọ́dọ̀ mi tí jẹjẹrẹ wà ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Egungun ń ro ó, a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní morphine. Ní ọjọ́ kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé oorun oògùn ni, mo sì dín morphine kù. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń dúró tì í sọ fún mi pé, "Dókítà, ife omi kẹjọ tí baba mi máa mu láti àárọ̀ nìyí." Mo dá a lóhùn pé ó dára kó máa mumi. Bí mo ṣe wí nìyẹn, mo sì kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì.

Ní ọjọ́ kẹrin, ahọ́n rẹ̀ ti gbẹ bí awọ tí a sá sóòrùn. Mo fi ìka méjì gbé awọ àyà rẹ̀ sókè, awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò padà. Ìgbà yẹn ni mo tó béèrè kálísíọ̀mù. 4.1.

Omi wọlé, oògùn wọlé. Ní ọjọ́ karùn-ún sígbà náà ó la ojú, ó pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ, wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àìsàn tó wà nílẹ̀ mú un lọ kí oṣù tó parí. Ìyẹn kò sí ní agbára mi. Ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ tí mo fi sọ pé oorun oògùn ni, tí baba yẹn ì bá fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo sì tún dín oògùn ẹni tí egungun ń ro kù.

Ẹni tí morphine bá pọ̀ jù lára rẹ̀, mímí rẹ̀ máa ń falẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ sì máa ń sún kì bí orí abẹ́rẹ́. Baba yẹn kò ní méjèèjì. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ìtọ̀ ló ń tọ̀. Ó wà níwájú mi.

* * *

Ìyá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kọ̀wé pé: "Dókítà, àwa la wà pẹ̀lú wọn láti alẹ́ dé òwúrọ̀. Ẹ sọ ohun tí ká máa wò fún wa, torí pé tí a bá pè yín lóru pé aláìsàn kàn yí padà, ẹ máa ń ní ká jẹ́ kó sùn."

Ẹ̀yin màmá, ẹ má bínú. Òótọ́ lẹ sọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa pè wá síbẹ̀síbẹ̀.

Ẹ wo ife omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wo ẹni tó ń dìde tọ̀ lóru ní ìgbà mẹ́rin, márùn-ún, tí kì í ṣe àṣà rẹ̀, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì ga. Ẹ wo ẹni tí inú rẹ̀ dì. Gbogbo wa ló máa ń di ìyẹn ru oògùn ìrora, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ inú dídì pẹ̀lú òùngbẹ kò yẹ ká fi sílẹ̀ láìfa ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo ẹni tí kò fẹ́ rí oúnjẹ mọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e bíi tàná. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ gba ọ̀rọ̀ ẹbí gbọ́. Nígbà tí ìyàwó bá sọ pé, "Ọkọ mi kì í ṣe báyìí," ó ti mọ̀ ju láàbù lọ.

Bí irú àmì wọ̀nyí bá hàn lára ẹni tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ọmú, tàbí kíndìnrín ń bá jà, tàbí jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn egungun tí à ń pè ní myeloma, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé kálísíọ̀mù wà nínú ohun tí a béèrè. Ó wọ́pọ̀ pé láàbù kì í ka kálísíọ̀mù pọ̀ mọ́ àyẹ̀wò kíndìnrín, àfi tí ẹnìkan bá béèrè rẹ̀.

Ìwé omi tó wọlé àti omi tó jáde, iṣẹ́ yín ló ń gba ẹ̀mí là níbẹ̀. Mo máa ń rí i tí wọ́n kọ "ó tọ̀ dáadáa" sínú rẹ̀. Ẹ kọ iye rẹ̀. Kí ẹ sì máa wọn ìwúwo aláìsàn láàárọ̀ lójoojúmọ́.

Ohun kan ṣoṣo tí mo tún fẹ́ fi kún un: nígbà tí omi iyọ̀ 0.9% bá tán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé Ringer's lactate kọ́ dípò rẹ̀ láìronú. Kálísíọ̀mù wà nínú Ringer's.

* * *

Òǹkàwé mìíràn kọ lẹ́tà tó gùn. Kókó rẹ̀ ni pé wọ́n da omi sí màmá òun lára títí omi fi kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì béèrè pé ṣé èmi tí mò ń pariwo omi mọ̀ pé omi náà lè pa ènìyàn.

Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mo mọ̀, ẹ̀dùn yín sì tọ́. Omi náà, oògùn ni, ó ní ìwọ̀n.

Fún ẹni tí ọkàn àti kíndìnrín rẹ̀ le, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 200 sí 300 mílílítà ní wákàtí kan, màá wá máa tún un ṣe títí ìtọ̀ á fi máa jáde ní 100 sí 150 mílílítà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn á gba lítà mẹ́ta, ẹlòmíràn mẹ́fà, láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe gbẹ tó. Àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, ìdajì ìyẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Màá sì máa padà wá gbọ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á kọ "lítà mẹ́fà ní ọjọ́ kan" sínú fáìlì, wọ́n á sì relé. Kò sí ẹni tó yẹ kó kọ irú ìyẹn láìsọ ẹni tó máa padà wá wo aláìsàn lóru. Potassium àti magnesium pẹ̀lú máa ń já wálẹ̀ bí omi ṣe ń wọlé, a gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wọ́n wò ní wákàtí mẹ́fà sí méjìlá síra ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Bí ọkàn kò bá lè gba omi rárá, tàbí tí kíndìnrín ti dákẹ́, tàbí tí kálísíọ̀mù ti kọjá 4.5, ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló kù, pẹ̀lú omi ìfọ̀ tí kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kéré. Ẹ tètè pe àwọn tó ni iṣẹ́ náà.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìyá tí àbúrò wa béèrè nípa rẹ̀, torí omi nìkan kò ní tó fún un. Omi á mú un wálẹ̀ díẹ̀. Egungun tí jẹjẹrẹ ń jẹ ṣì ń tú kálísíọ̀mù sínú ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Oògùn méjì tó ń dá egungun lẹ́kun títú kálísíọ̀mù sílẹ̀ ni mo máa lò pọ̀ fún un. Calcitonin, ẹyọ 4 fún kílò kọ̀ọ̀kan, abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ ní wákàtí méjìlá síra. Láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ó ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá di nǹkan bíi wákàtí 48, ara á ti mọ́ ọn lára, kò ní ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Èkejì ni zoledronic acid, 4 mílígíráàmù sínú iṣan, kò gbọ́dọ̀ yá ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Èyí máa ń lọ́ra: ó di ọjọ́ kejì tàbí kẹta kí o tó rí iṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ kẹrin sí ìkeje ló máa ń múlẹ̀ dáadáa. Ẹ rí i pé ibi tí ọ̀kan ti ń rẹ̀ ni èkejì ti ń jí.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà nìyí. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí omi máa ṣe." Wọ́n á wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Tí kálísíọ̀mù bá wá dúró sójú kan, ìgbà yẹn ni wọ́n á fún un ní oògùn tó nílò ọjọ́ mẹ́ta mìíràn. Ọ̀sẹ̀ kan ti lọ. Mo gbà pé kí omi kọ́kọ́ wọlé, torí zoledronic acid lè pa kíndìnrín tó gbẹ lára. Àmọ́ tí ìtọ̀ bá ti ń jáde dáadáa tí creatinine sì ń sọ̀ kalẹ̀, ọjọ́ kìíní náà ni kí ẹ fún un.

Tí kíndìnrín bá ti bàjẹ́ gan-an ńkọ́? Denosumab, 120 mílígíráàmù sábẹ́ awọ. Kì í gba ọ̀dọ̀ kíndìnrín kọjá. Ìlànà Endocrine Society, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn họ́mọ́nù, fún kálísíọ̀mù gíga tó ti ara jẹjẹrẹ wá tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹgbẹ́ zoledronic acid lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ̀ràn ni wọ́n pè é, ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì lágbára púpọ̀. Ìṣọ́ra wà níbẹ̀: ó lè já kálísíọ̀mù wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ tàbí tí fítámì D rẹ̀ kéré, ìṣòro náà sì lè yọjú lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti délé.

Tí ibà díẹ̀ bá dé ní ọjọ́ kejì zoledronic acid, pẹ̀lú ara ríro, iṣẹ́ oògùn náà ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ yẹ àkóràn wò, àmọ́ ẹ má dáyà já aláìsàn.

* * *

Ẹnìkan béèrè pé, ṣé ti jẹjẹrẹ náà ni gbogbo rẹ̀?

Rárá o. Jẹjẹrẹ ló pọ̀ jù láàárín àwọn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Láàárín àwọn tó ń rìn káàkiri níta, ẹṣẹ́ páràtáírọ́ọ̀dì ló ń ṣe é jù, àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké mẹ́rin tó wà lẹ́yìn táírọ́ọ̀dì lọ́rùn. Àwọn méjèèjì yìí ló ni nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. PTH ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí kálísíọ̀mù bá ga, ó yẹ kí PTH relẹ̀ pátápátá. Tó bá ga, tàbí tó dúró sí àárín bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ẹṣẹ́ ọrùn ni kí ẹ máa wò. Tó bá relẹ̀, ẹ lọ wá ibòmíràn.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ní ìlú Vienna, ọkùnrin kan wà tí egungun rẹ̀ ti rọ, tí ìrora kò jẹ́ kó rìn. Oníṣẹ́ abẹ Felix Mandl rò pé ẹṣẹ́ páràtáírọ́ọ̀dì rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ tó. Ó fún un ní èròjà ẹṣẹ́ náà, ó tún gbin ti ẹlòmíràn sí i lára. Kò san. Ní 1925 ó wá ṣí ọrùn rẹ̀ wò, ó bá kókó kan níbẹ̀, ó yọ ọ́, ara ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò. Òdìkejì ohun tó ń ṣe é ni wọ́n ti ń tọ́jú tẹ́lẹ̀. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá rí furosemide nínú fáìlì ẹni tó gbẹ.

Àwọn yòókù, ẹ bi aláìsàn ní oògùn tó ń lò, kí ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mejì, torí ọ̀pọ̀ kì í ka fítámì sí oògùn. Fítámì D tó pọ̀ jù máa ń sá pamọ́ sínú ọ̀rá ara, ó sì lè máa gbé kálísíọ̀mù ga fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti jáwọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà ní ẹgbẹ́ thiazide, lithium tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ, oògùn inú tí wọ́n fi ẹfun kálísíọ̀mù ṣe, gbogbo wọn ló yẹ ká béèrè. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, sarcoidosis (àìsàn tó ń mú kókó kéékèèké yọ nínú ara) àti lymphoma (irú jẹjẹrẹ kan) máa ń sọ fítámì D di èyí tó lágbára jù nínú ara. Níbẹ̀ ni prednisolone, oògùn steroid kan, ti ń ṣiṣẹ́ gan-an, tí kò sì ṣe púpọ̀ fún ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ yòókù.

Kí ẹ sì wo ìwé oògùn tí ẹ̀yin fúnra yín kọ. Mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn tó wà ní 3.6 tí omi ń kán sí i lápá ọ̀tún, tí wọ́n sì gbé ife oògùn àárọ̀ fún un lọ́wọ́ òsì. Hóró funfun ńlá kan wà nínú rẹ̀: kálísíọ̀mù pẹ̀lú fítámì D, "fún egungun". Kò sí ẹni tó rántí fagi lé e.

* * *

Àbúrò tó béèrè kọ̀wé padà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. A ṣe bí ẹ ṣe wí. Ọ̀gá mi kò kọ́kọ́ gbà, àmọ́ nọ́ọ̀sì àgbà ti so omi náà kí a tó parí ọ̀rọ̀. Lítà mẹ́rin wọlé ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Zoledronic acid wọlé ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ilé oògùn kò ní calcitonin. Ọjọ́ kejì, 3.4. Ọjọ́ kẹrin, 2.9. Òní tó jẹ́ ọjọ́ kẹfà, 2.6 lẹ́yìn ìṣirò albumin. PTH relẹ̀. Láàárọ̀ yìí ìyá náà bi mí pé ta ló di irun òun báyìí. Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún. Wọ́n fẹ́ máa lọ lọ́la. Ṣé ó ti tán?

* * *

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo yín. Bá mi kí nọ́ọ̀sì àgbà yẹn.

Kò tíì tán. Jẹjẹrẹ tó ń tú kálísíọ̀mù sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tí a kò bá rí nǹkan ṣe sí i, kálísíọ̀mù yìí á padà gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí àwọn tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ náà rí i kó tó lọ. Jókòó ti ọmọ rẹ̀, má dúró sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Sọ fún un pé irú kálísíọ̀mù yìí sábà máa ń fi hàn pé àìsàn náà ti jìnnà, kó lè mọ bó ṣe máa lo àkókò tó wà. Béèrè lọ́wọ́ ìyá náà fúnra rẹ̀, ní báyìí tí orí rẹ̀ ti pé, ohun tó fẹ́ ká ṣe tó bá tún ṣẹlẹ̀. Má jẹ́ kó di ìgbà tí oorun bá ti gbé e lọ.

Lórí ìwé tí wọ́n máa mú relé, kọ ọjọ́ tí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà, kó má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Má kọ "tó bá yá". Kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́, lókè, pé òùngbẹ, ìtọ̀ púpọ̀, inú dídì àti oorun àsùnjù ni kí wọ́n fi gbé e padà wá, lóru tàbí lọ́sàn-án. Fagi lé hóró kálísíọ̀mù yòówù tó bá wà nílé rẹ̀. Kí ó máa mumi dáadáa, kí ó sì máa dìde rìn bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, torí bí ara bá dùbúlẹ̀ pẹ́, egungun á tún máa tú kálísíọ̀mù sílẹ̀ sí i.

Àti creatinine rẹ̀ ọjọ́ kìíní àti ti òní, fi ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀gá rẹ náà yẹ kó rí i.